Ó Ti Pẹ́ Jù Kẹ̀? Ìtàn Hakeem Ọlájùwọ́n, Ọmọ Èkó

Ní ọjọ́ Sátidé kan láìpẹ́ yìí, ọmọ mi ọkùnrin ti orí pápá dé, ó ju bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì gba inú yàrá lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ kalẹ̀, kò yọjú. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti tọ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rí mọ̀ pé bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kọ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Mo tẹ̀ lé e wọlé.

"Kí ló dé?"

"Dádì, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù."

"Kí ló ti pẹ́ jù?"

"Básíkẹ́ẹ̀tì ni, sà. Kóòṣì ní àwọn tó máa mọ̀ ọ́n gbá ti ń gbá a láti ọmọ ọdún méje. Wọ́n ní kí n padà sídìí ṣíṣọ́lé tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní mo ti gbó."

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti gbó! Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú ọmọ, mo gbé ẹ̀rín mì. Ọmọ náà ga, ó ti ga jù mí lọ. Nítorí gíga yìí ni wọ́n ṣe ń fi í ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù àdúgbò láti kékeré. Àìpẹ́ yìí ni ọkàn rẹ̀ fà sí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì.

Mo bi í pé, "Ṣé o mọ Hakeem Ọlájùwọ́n?"

Ó ronú díẹ̀. "Ẹni tó wà nínú géèmù yẹn? Lára àwọn àtijọ́? Ṣé kì í ṣe ará Amẹ́ríkà ni, sà?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n n kò lè dá a lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìdí rẹ̀ fún yín.

Òru tí gbogbo wa kọjú sí Dallas

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1994, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lèmi náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti gbá a. Ní 21 June, ẹgbẹ́ wa na Bùlùgéríà ní 3 sí 0 ní ìlú Dallas. Òru ni nílé níbí. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kan ni a fi tan tẹlifíṣọ̀n, a sì há mọ́ ara wa nínú pálọ̀ bíi sadín inú agolo. Nígbà tí Rashidi Yekini gbá ti àkọ́kọ́ wọlé, tó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n tó ń ké, àgbà àti ọmọdé ló ń ké pẹ̀lú rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, a kò sùn.

Ní ọjọ́ kejì gan-an, 22 June, ní ìlú Houston, tó wà ní ìpínlẹ̀ Texas kan náà pẹ̀lú Dallas, tí mọ́tò ń rìn dé ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, ọmọ Èkó kan gba ife ẹ̀yẹ tó ga jù lọ nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun náà ni wọ́n yàn pé ó gbá a jù lọ nínú àṣekágbá náà. Ní àdúgbò tiwa, bí ẹnì kan bá sọ ọ́, etí tèmi kò gbọ́. À ń jó fún Yekini lọ́wọ́. Ó tọ́ kí á jó fún Yekini, àbí? Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ló ṣe oríire lẹ́yìn odi lọ́sẹ̀ yẹn, ẹnì kan péré la pa ìlù fún.

Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn kí n tó jókòó tọ ipasẹ̀ ọkùnrin yìí. Ohun tí mo rí ni mo sọ fún ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé náà. Òun náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọmọ oní-sìmẹ́ńtì

Ní 21 January 1963 ni wọ́n bí i ní Èkó. Salim ni orúkọ bàbá rẹ̀, Àbíkẹ́ ni ìyá rẹ̀. Òwò sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń ṣe. Akeem ni wọ́n ń pe ọmọ náà nígbà yẹn. Eré méjì ló mọ̀ ní kékeré: bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, níbi tó ti ń ṣọ́lé, àti bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ tí à ń pè ní hándíbọ́ọ̀lù. Ó sì ń ga, ó ń ga. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe sí ọmọ tó bá ga jù láàárín wa. Bí a kò bá pè é ní ọ̀pẹ, a ó ní agùnmáníyè ni.

Ó wọ Muslim Teachers' College ní Èkó. Ó ti pé ọmọ ọdún 15 kó tó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nínú ìdíje fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Mo tún un sọ fún ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì: ọmọ ọdún 15. Ó gbé orí sókè.

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ eré yìí, ènìyàn márùn-ún márùn-ún ló máa ń kojú ara wọn. Apẹ̀rẹ̀ náà jẹ́ òrùka irin tó ní àwọ̀n, wọ́n gbé e kọ́ sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ilẹ̀. Ẹni tó bá ga jù ni wọ́n sábà ń fi sábẹ́ rẹ̀. Sẹ́ńtà ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí, kó gba èyí tó bá ta padà, kó sì fi ọwọ́ dí tàwọn ọ̀tá kó má lè wọlé. Ẹni tó bá ti ṣọ́lé rí, ìdí iṣẹ́ ìkẹyìn yìí kò lè ṣókùnkùn sí i.

Ìtàn kan wà nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Olùkọ́ni kan ní Nàìjíríà fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fò sókè fi ọwọ́ ki bọ́ọ̀lù bọ inú apẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ni náà gun orí àga láti fi hàn án. Nígbà tó kan Akeem, òun náà gbé ẹsẹ̀ lé àga! Wọ́n ní, rárá o, ìwọ kì í ṣe ẹni tí ń gun àga, ilẹ̀ ni kó o ti fò. Ó fò, kò ṣeé ṣe. Ọkùnrin tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 10, tí ayé wá mọ̀ fún kíki bọ́ọ̀lù bọ apẹ̀rẹ̀, kò rí i ṣe lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbìyànjú. Ibí yìí ni ọmọ mi ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó fi máa di 1980, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Nǹkan bí ọdún méjì péré ló fi kọ́ ọ.

"Wọ takisí máa bọ̀"

Ní ọdún 1980 yẹn náà ló wọ bàálù lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ má rò pé wọ́n fi ìlù àti fèrè dúró dè é. Ọ̀rẹ́ Guy Lewis, kóòṣì Yunifásítì Houston, ló rí i níbi tó ti ń gbá, tó sì ròyìn rẹ̀ fún Lewis. Gbogbo ìlérí tí wọ́n ṣe fún un kò ju pé kó wá kí àwọn wò ó. Nígbà tó dé pápákọ̀ òfurufú Houston, kò bá ẹnì kan kan. Ó fi tẹlifóònù pè wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀.

Ọmọ ọdún 17 ni. Ó wọ takisí, ó lọ.

Odindi ọdún kan ni kò fi bá wọn gbá ìdíje, nítorí pé àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ gíga kò tíì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí jù. Kò bínú kúrò níbẹ̀. Ó lọ bá àwọn olùkọ́ni, ó ní kí ni òun lè ṣe kí òun lè máa gbá dáadáa. Wọ́n ní kó lọ bá Moses Malone.

Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ orúkọ yẹn. Ní àkókò náà, Malone ni òpómúléró nínú àwọn sẹ́ńtà Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Houston Rockets ló sì ń gbá fún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn eré kan tí wọ́n ń pè ní Fonde. Ibẹ̀ ni ọmọ Èkó yìí ti ń lọ bá a lójoojúmọ́, tí àgbà ń fi èjìká tì í, tí ó ń ṣubú, tí ó ń dìde. Adìẹ tó bá ti bá àṣá jà tí kò kú, kò tún ní sá fún àkùkọ mọ́. Nígbà tó fi máa padà sí yunifásítì, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ọdún mẹ́ta léra ni òun àti Clyde Drexler àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi dé ibi tí ẹgbẹ́ mẹ́rin péré kù nínú ìdíje àwọn yunifásítì. Drexler lọ ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Wọn kò gba ife lẹ́ẹ̀kan. Ní 1983, póìǹtì 54 sí 52 ni ẹgbẹ́ North Carolina State fi ṣẹ́gun wọn, ìgbà tí agogo fẹ́ lù ni wọ́n ki bọ́ọ̀lù bọ inú apẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ Akeem ni wọ́n yàn pé ó gbá a jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pàdánù. Ní 1984, Georgetown na wọ́n ní 84 sí 75. Sẹ́ńtà Georgetown ni Patrick Ewing, ọmọ tí wọ́n bí ní Jàmáíkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ Ewing.

Lọ́dún 1984 yẹn kan náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù olówó ń yan àwọn ọmọ tuntun, Houston Rockets ló kọ́kọ́ yàn. Akeem ni wọ́n mú. Portland mú Sam Bowie ṣe ìkejì. Ẹnì kẹta ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael Jordan. Títí di òní ni wọ́n ń fi Portland ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n fojú fo Jordan. Kò sí ẹni tó ń fi Houston ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹsẹ̀ aṣọ́lé

Kí ló wá mú un yàtọ̀? Ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà ìgbà náà, agbára ni wọ́n gbójú lé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá wúwo jù ló ń ti ẹnì kejì. Ẹsẹ̀ ni Akeem gbójú lé.

Ó máa kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, á mi èjìká bí ẹni fẹ́ gba òsì. Ẹni náà á tẹ̀ lé e sí òsì, òun á ti yí sí ọ̀tún. Bí ẹni náà bá yára padà, á gbé bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni fẹ́ jù ú. Ẹni náà á fò. Kò ní jù ú. Ìgbà tí ẹni náà bá ń bọ̀ nílẹ̀ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọra ju bọ́ọ̀lù rẹ̀ bí ẹni ju ẹ̀pà sẹ́nu. Dream Shake ni wọ́n pe ijó yìí, nítorí pé Dream, ìyẹn àlá, ni ìnagijẹ rẹ̀. Guy Lewis ló fún un lórúkọ yẹn.

Níbo ló ti kọ́ ọ? Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ kiri: bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti hándíbọ́ọ̀lù tí òun gbá ní Èkó ló kọ́ òun lẹ́sẹ̀. Aṣọ́lé gbọ́dọ̀ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí ẹni tó fẹ́ gbá a tó gbá a. Nígbà tí Akeem fi máa fi eré sílẹ̀, bọ́ọ̀lù 3,830 ló ti fi ọwọ́ dí, láti ìgbà tí wọ́n sì ti ń ka irú rẹ̀ sínú ìwé ní líìgì náà, kò tíì sí ẹni tó dí tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Àwọn ọdún tí ẹni tí kò mọ̀dí lè pè ní àṣedànù, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, inú wọn ni ìṣúra rẹ̀ wà.

Ọdún mẹ́wàá kí ife tó dé

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, kò yá bí ẹni ń ya omi mu. Ní 1986, òun àti Ralph Sampson, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 4, lé Los Angeles Lakers dànù, wọ́n sì dé àṣekágbá. Boston Celtics na wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Sampson ṣèṣe, wọ́n sì tà á lọ síbòmíràn. Láti 1988 dé 1991, ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń já Houston lọ́dọọdún. Ní 1992, wọn kò tilẹ̀ wọ ìpele náà.

Ní January 1991, ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan gbá a lójú lórí pápá, egungun ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ fọ́. Ní 1992, òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ jà: ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, wọ́n ní ó ń díbọ́n ni, wọ́n sì dá a dúró. Ó ní kí wọ́n tà òun síbòmíràn. Ó ti fẹ́ pé ọdún 30, kò sí ife kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé "ó ti pẹ́ jù" kò ní ṣàì wà nígbà yẹn náà.

Láàárín wàhálà yìí ló túbọ̀ fara mọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí wọ́n bí i sí. Ní 1991, ó ní kí wọ́n máa kọ orúkọ òun ní Hakeem, pẹ̀lú H. Ó ní òun kò yí orúkọ padà, òun ń tún un ṣe ni. Wọ́n parí ìjà, kò lọ mọ́. Rudy Tomjanovich di kóòṣì, ẹgbẹ́ náà sì dìde.

A wá dé June 1994. Ta ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá? New York, ẹgbẹ́ Patrick Ewing! Ọdún mẹ́wàá ti kọjá lórí ọgbẹ́ Georgetown. Ìgbà méje ni wọ́n máa pàdé, ẹni tó bá ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mẹrin ló ni ife. New York ti borí lẹ́ẹ̀mẹta, Houston lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kẹfà, Houston ń lé wọn ní 86 sí 84, ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. John Starks ti New York gbé bọ́ọ̀lù sókè láti ọ̀nà jíjìn, níbi tí wọ́n ti ń ka ẹyọ kan sí póìǹtì mẹ́ta. Bó bá wọlé, ó tán. Hakeem sáré jáde, ó nà gbogbo ara, ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù náà kò débẹ̀.

Ẹ sọ fún mi, ta ló ń jáde nílé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn lọ pàdé ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù? Aṣọ́lé ni.

Ní ìgbà keje, wọ́n parí rẹ̀ ní 90 sí 84. Ní sáà kan ṣoṣo yẹn, wọ́n yan Hakeem ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, wọ́n yàn án ní ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù lọ, wọ́n sì tún yàn án ní akọni àṣekágbá. Kò sí ẹlòmíràn tó tíì gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní sáà kan.

Ní 1995, wọ́n tún gbà á. Ní oṣù Kejì ọdún náà, ó ń gba ààwẹ̀ Ramadan, kì í jẹ, kì í mu títí oòrùn á fi wọ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ fún oṣù yẹn. Ipò kẹfà ni Houston wà ní ìhà tiwọn kí àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀; kò tíì sí ẹgbẹ́ tó ti ìsàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gba ife. Wọ́n kọjá lára David Robinson, ẹni tí wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ lọ́dún yẹn, wọ́n sì na Orlando ti Shaquille O'Neal lẹ́ẹ̀mẹrin léra.

Ta ló ni ín?

Nílé ìgẹrun tí mo ti ń gẹrun, bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹnì kan á ní: "Ṣebí ó tà wá? Ṣebí Amẹ́ríkà ló gbá fún?" Òótọ́ ni. Ó di ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1993, ó sì gbá fún wọn níbi Olíńpíìkì 1996 ní Atlanta. Ó tilẹ̀ gba ìyọ̀ǹda pàtàkì kí wọ́n tó gbà fún un, nítorí pé ó ti gbá fún Nàìjíríà ní 1980.

Ní 3 August 1996, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà gba góòlù nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, Hakeem wà nínú wọn. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ní Athens tí kò jìnnà sí Atlanta, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Nàìjíríà na Ajẹntínà ní 3 sí 2, àwọn náà gba góòlù. Dream Team ni à ń pè wọ́n! Lẹ́ẹ̀kejì, àlá méjì ṣẹ papọ̀, ọ̀kan la rí.

N kò bá wọn jà nílé ìgẹrun mọ́. Mo kàn máa ń bi wọ́n pé: ní 1980, ibo ló wà nílẹ̀ wa tí ọmọ yẹn ì bá dúró sí tí yóò fi di ohun tó dà? A fún un lẹ́sẹ̀, a fún un lórúkọ, a fún un ní ẹ̀sìn àti ìwà. Houston fún un ní Fonde àti Moses Malone. Wọ́n á dákẹ́, bábà á sì ní kí n gbé orí sí ọ̀tún.

Toronto ló ti gbá sáà ìkẹyìn, ó sì fi eré sílẹ̀ ní 2002. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ilé ìrántí àwọn akọni ní 2008. Àwọn ọmọ tó dé lẹ́yìn rẹ̀, Kobe Bryant, LeBron James, tọ̀ ọ́ lọ kí ó kọ́ wọn ní ijó ẹsẹ̀ náà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo sọ fún ọmọ mi kí ó tó lọ jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tó ti tutù. Ní Kamẹrúùnù, ọmọkùnrin gíga kan wà tó ń jẹ́ Joel Embiid. Ọmọ ọdún 15 lòun náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Fídíò Hakeem Ọlájùwọ́n ni ó ń wò, tó ń fara wé. Ní 2023, wọ́n yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ìtàn ọmọ Èkó yìí la ojú ọmọ Kamẹrúùnù. Ní ìlú tiwa, wọ́n ní kí ọmọ ọdún 15 máa lọ sílé.

N kò sọ pé ọmọ mi máa di Hakeem. Ó lè má dé ibì kan. Bó bá sì yá, ó lè ní Physics ló wu òun. Ṣùgbọ́n kó máà jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n fi dá a padà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ lọ kí kóòṣì náà. N kò ní bá a jà, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, owó tí wọ́n ń san fún un kò sì tó nǹkan. Mo kàn máa mú ìwé ìròyìn yìí dání, màá sì ní kó bá mi kà á.